Inú Mi Ló Ti Gbé E Wá

Ẹ̀yin ará Òkèlele, ẹ ti gbọ́ ìròyìn ìrìn àjò mi kí èmi gan-an tó wọlé. Ẹni tó ròyìn fún yín kò bá mi dé ibi tí mo dé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Yákúbù àbúrò mi, tí a jọ lọ tí a jọ bọ̀, ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n rọ ohùn, pé etí àgbàlagbà máa gbọ́ ọ. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe wí i. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò.

Èémí Jímọ̀

Ẹ mọ Jímọ̀, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i ni èémí rẹ̀ ti ń dún. Tó bá sùn nínú ilé, ẹni tó wà níta máa gbọ́ ọ: fíì, fíì, bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, àfi kí n gbé e lé àyà mi kó sùn níjòókòó. Nígbà tó tó oúnjẹ jẹ, òkèlè kì í lọ geere lọ́fun rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ikọ́ fée ni. Gbogbo agboolé gbà bẹ́ẹ̀. A po àgbo ikọ́ fée fún un títí tó fi jẹ́ pé bó bá ti rí ìkòkò lórí iná, yóò bẹ́ sílẹ̀ yóò sá. Àfáà ṣe tírà, a so ó mọ́ ọn lọ́rùn, Àfáà sì ṣe àdúà tọkàntọkàn. N kò bá àdúà jà o. Ohun tí mo bi yín nígbà náà ni pé, ọmọ tí kì í húkọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń pe tirẹ̀ ní ikọ́? Ẹ ní kí ìyàwó dákẹ́. Mo dákẹ́.

Lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ yí, ètè rẹ̀ dúdú, ó já jọ̀ọ̀. A gbọ̀n ọ́n, a wọ́n omi sí i lójú, kó tó jí. Bàbá Jímọ̀, ọkọ mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn òyìnbó ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó, pé wọ́n ń la ènìyàn níbẹ̀, ènìyàn sì ń yè. Ó ní kí n gbé ọmọ lọ. Bí Jímọ̀ bá tún já jọ̀ọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè má jí mọ́. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó fẹ́ fẹnu kàn án.

Yákúbù ló tẹ̀ lé mi, nítorí òun ló ń ta obì ní Èkó tó mọ ibẹ̀. Ẹ ṣì rántí pé ilé Gàm̀bàrí ni wọ́n ti bí èmi àti òun. Hausa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ Yorùbá, ẹ sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò tí a jọ ń mọ, pé Yorùbá mi kò já gaara.

Nínú ọkọ̀ ojú irin

Ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin nígbà náà, ẹnu kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ní ó dára. Ó dára fún ẹni tí èémí rẹ̀ dá ṣáká. Èéfín ń wọlé sí wa lójú àti nímú, fíì Jímọ̀ sì le ju ariwo irin lọ. Kò sí ẹni tó wọ inú ọkọ̀ yẹn tí kò bi mí pé kí ló ṣe ọmọ yìí. Bí mo bá ti ń dáhùn, wọ́n á já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, wọ́n á sọ oògùn tó máa wò ó. Bàbá kan ní kí n fi òróró adìyẹ pa á láyà. Òmíràn ní kí n wẹ̀ ẹ́ ní ìkóríta. Mo bi í pé ìkóríta wo ló rí nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Ó bínú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Obìnrin kan wọlé ní Òṣogbo. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wo ọmọ, ó yọ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni n kò bá jà lójú ọ̀nà.

Èkó

Omi ni mo kọ́kọ́ rí, omi tí n kò rí òpin rẹ̀, òórùn ẹja àti iyọ̀ sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ará Èkó kì í dúró gba ìkíni. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣì ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti dé ìkángun òpópó. Mo dìde, mo gbọn yanrìn orúnkún mi. Wọ́n ń da omi tútù sí gààrí, wọ́n ń fi ẹja yíyan jẹ ẹ́, inú wọn sì ń dùn. Mo wá wàrà títí, kò sí. Jímọ̀ fẹ́ràn gààrí yẹn, nítorí ó ń lọ lọ́fun rẹ̀ láìní wàhálà, torí náà mo dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ wọn.

Wọ́n bi wá pé níbo la ti wá, a ní Ìlọrin. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Gàm̀bàrí." Mo ní Ìlọrin ni mo wí. Wọ́n ní ohun kan náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ o: ní Èkó, Gàm̀bàrí ni gbogbo wa.

Ìyá onílé tí Yákúbù máa ń dé sọ́dọ̀ rẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún wa ní yàrá, ó pọn omi ìwẹ̀ fún ọmọ, ó ní Ọlọ́run yóò gbọ́ tiwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ púpọ̀. Ká ní mo mọ ohun tó máa fojú mi rí, ǹ bá ti din ọpẹ́ yẹn kù.

Ògbufọ̀

Òórùn oògùn ni ilé ìwòsàn náà ń rùn, ògiri rẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń ro mí. Dókítà tó pè wá jẹ́ ọ̀dọ́ òyìnbó, kò gbọ́ èdè wa rárá. Ògbufọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ Èkó kan tó wọ aṣọ òyìnbó, tí ọrùn aṣọ náà le débi pé kò lè tẹrí ba. Ọmọ tí mo lè bí ni.

"Kí ló ṣe ọmọ rẹ?" ó wí.

Ẹ gbọ́ ọ. "Rẹ." Mo gbé e mì.

"Èémí rẹ̀ ló ń dún," mo wí, "oúnjẹ kì í sì í lọ dáadáa lọ́fun rẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Inú mi ló ti gbé e wá."

Ó kọjú sí dókítà, ó sọ ọ́ lédè wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. N kò gbọ́ ọ, àmọ́ mo ń wo ojú òyìnbó. Láti ìgbà náà kò wo ọmọ mọ́, èmi ló ń wò. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún bi mí, láti ẹnu ògbufọ̀, bóyá ikọ́ ti pa ẹnì kan rí nínú ìdílé wa. Mo ní àbúrò ìyá mi kan, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òótọ́ ni mo sọ. Ògbufọ̀ mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Dókítà fi okùn tó fi ń gbọ́ èémí sí àyà Jímọ̀, ó fi sí tèmi náà. Ó gbọ́ fíì lára ọmọ. Lára mi kò lè gbọ́ nǹkan kan, nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọrùn ọmọ, kò kàn án. Tírà wà níbẹ̀, ó sì ń yẹ ọwọ́ fún un bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìdọ̀tí kan òun. Ká ní ó ṣí tírà yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí lọ́jọ́ náà.

"Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni," ògbufọ̀ wí. "Ẹ̀yin méjèèjì. Yàrá ẹ̀yìn lẹ máa lọ."

Mo ní, "N kò húkọ́ rí láyé mi."

Ó ní, "Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀." Ó sì pe ẹlòmíràn.

Yàrá ẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí yàrá ẹ̀yìn jẹ́ fún yín. Ilé páànù ni, ó dá wà lábẹ́ àgbọn, àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ lóòótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé ọmọ tí kò ní ikọ́ lọ sí ààrin àwọn tó ń pọ ẹ̀jẹ̀. N kò bá àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn jà. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń sún fún wa kí atẹ́gùn lè kan Jímọ̀. Àwọn tó kó wa síbẹ̀ ni mo ń bá jà. Wọ́n á gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tì í wọlé, wọ́n á yára padà.

Epo ẹja ni oògùn tí wọ́n fún wa. Ó nípọn, ó sì ń rùn. Ọmọ tí omi ọbẹ̀ gan-an ń há lọ́fun, wọ́n ní kí n máa da epo sí i lẹ́nu. Ó há a. Ó tún já jọ̀ọ̀ lọ́wọ́ mi, bó ṣe ṣe nílé. Mo kígbe. Obìnrin tó ń tọ́jú wa dúró sí ìta, ó fi aṣọ bo imú, ó ní kí n gbé e jókòó. Mo ti gbé e jókòó. Mo ń lù ú lẹ́yìn, mo ń pe Ọlọ́run, mo sì ń bú gbogbo wọn pọ̀ mọ́ orúkọ Ọlọ́run, kí Ó dárí jì mí. Ó pẹ́ kó tó mí. Nígbà tó mí, mo ju epo ẹja náà sí ẹ̀yìn ilé, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Yákúbù wá síbi ọgbà tó yí wa ká lọ́jọ́ kejì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Yàyá," ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin nílé wa, "ìyá onílé ti kó ẹrù wa síta. Ó ní kí n gbé ẹní tí ẹ sùn lé lọ sun."

"Nítorí kí ni?"

"Wọ́n ní ẹ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kó o ran ọmọ, pé ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún dókítà."

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

"Ògbufọ̀ sọ fún adènà. Adènà sọ fún mi níṣojú àwọn ará ilé wa tí a jọ ń ta obì." Ó tún ní, "Wọ́n ti wọkọ̀ padà sílé láàárọ̀ yìí."

Mo di ọgbà mú. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, tó ń lọ bá yín nílé, tí èmi sì há sábẹ́ àgbọn.

Inú

Adènà ilé ìwòsàn náà jẹ́ Hausa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà àgbàlagbà kan ń kọjá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó sì kí adènà: "Sannu." Kì í ṣe Hausa ẹni tó kọ́ ọ̀rọ̀ kan fi ṣeré. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ geere, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí ni mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Mo gbé Jímọ̀, mo jáde síta tí wọ́n ní kí n má jáde sí, mo sì pè é.

"Likita, da shi aka haife shi."

Ìyẹn ni pé, dókítà, pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n bí i. Òyìnbó náà yíjú padà.

"Me kika ce?" Kí lo wí? Ní Hausa, ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀sí.

Mo tún un sọ. Mo ní láti ọjọ́ tó ti jáde nínú mi ló ti ń mí báyìí, kì í húkọ́, èmi náà kì í húkọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Wọ́n sọ fún wa pé ìwọ lo wí pé ọ̀dọ̀ rẹ ni ọmọ ti kó o." Mo ní n kò sọ ọ́. Ó ní kí ni mo sọ nígbà náà? Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, lẹ́yìn náà mo sọ ohun tó jẹ́ fún un ní Hausa.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú iyanrìn, ó ní kí n fọwọ́ ara mi tú tírà náà, kí n mú un dání. Ó ṣe é bí ẹni tó ní ọ̀wọ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Jímọ̀ rí ojú funfun nítòsí, ó figbe ta. Bó ṣe ń ké, kókó kan yọ nínú kòtò ọrùn rẹ̀, lókè egungun àyà, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Nígbà tó dákẹ́, kókó náà wọlé padà. Dókítà fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, fíì náà yí ohùn padà. Ó tú u sílẹ̀, ohùn náà padà bọ̀.

Ó ní kí wọ́n pe ògbufọ̀ àti dókítà kékeré wá sínú iyanrìn náà. Ó bi ògbufọ̀ léèrè lédè wọn, mo sì rí i pé ògbufọ̀ ń gbèjà ara rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"Ohun tí o sọ náà ni mo túmọ̀. O ní ọ̀dọ̀ rẹ ló ti gbà á."

"N kò sọ ọ̀dọ̀," mo wí. "Inú ni mo sọ. Inú mi ló ti gbé e wá. Ọmọ Yorùbá ni ẹ́, ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Bí ìyá rẹ bá ní àmì wà lára rẹ tí o gbé wá látinú òun, ṣé àrùn ló kó ràn ọ́?"

Ó ní, "Gàm̀bàrí ni ọ́, Yorùbá rẹ kò já gaara."

Ẹ̀yin ará Òkèlele, mo rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ẹ ti bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, kò sí aboyún tàbí arúgbó ní Ìlọrin tí kò gbọ́ ọ rí. Ó gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń yára kí ẹlòmíràn lè wọlé ni.

Ọ̀bẹ

Dókítà àgbà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní nígbà tí ọ̀nà èémí ọmọ ń hù nínú ìyá, ó máa ń yọ ẹ̀ka bí igi. Nígbà mìíràn, èéhù kan á yọ níbi tí kò yẹ, á já kúrò lára ìyókù, á di àpò tí kò ní ẹnu. Omi ń sun nínú rẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni àpò ń kún, tó ń ti ọ̀nà èémí àti ọ̀nà ọ̀fun. Kì í ràn. Kì í ṣe ikọ́. Ìyá kò ṣe nǹkan kan tó fà á. Mo ní kó tún èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ, ó sì tún un sọ. Ó ní kò wọ́pọ̀, pé nínú àyà ni ti ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wà, níbi tí ọ̀bẹ òun kò lè dé láìpa wọ́n. Ti Jímọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ní ọrùn.

Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń gba ẹ̀gbẹ́ yàrá ẹ̀yìn kọjá. Ó ní lójoojúmọ́. Mo ní kí ló dé tí kò yà. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tún bínú sí i, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi inú àpò náà. Ó funfun, ó ń fà bí omi ilá. Fíì náà rọlẹ̀ níṣojú mi. Ó ní yóò tún kún bí òun kò bá yọ àpò náà fúnra rẹ̀, pé òun máa fi oògùn oorun sí ọmọ nímú, òun máa la ọrùn rẹ̀, pé ó lè má jí. Ó ní kí n rò ó. Kí ni mo fẹ́ rò? Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Yákúbù ń ka Yásín níta. N kò lè ka nǹkan kan. Mo mú tírà ọmọ lọ́wọ́, mo ń wo ilẹ̀kùn. Dókítà kékeré wà nínú ibẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun ló kọ́kọ́ jáde. Ó dúró níwájú mi, ó sọ ọ̀rọ̀ kan lédè wọn, ojú rẹ̀ pọ́n, n kò sì béèrè ohun tó wí. Mo tì í sí ẹ̀gbẹ́, mo wọlé. Jímọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ọrùn rẹ̀ wà nínú aṣọ funfun, àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, kò sì sí ohùn kankan. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ògbufọ̀ bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú." "Ẹ" ti dé ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí o túmọ̀ ti wọkọ̀ lọ sílé wa. Bó bá ṣe pé o lè lọ mú un padà, n kò ní bínú mọ́."

Ilé

A padà dé sí Ìlọrin. Ìyá ọkọ mi gba Jímọ̀ lẹ́yìn mi, ó fi etí lé e láyà, ó ń wá fíì, kò rí i. Ó fà á mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Gbogbo yín pé jọ, ẹ ń fọwọ́ kan àpá ọrùn rẹ̀, ẹ ń gbé e láti ọwọ́ sí ọwọ́. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí.

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo lọ sídìí àmù ilé, tí èmi fúnra mi mọ, tí mo sun. Ìyá ọkọ mi dì mí mú láti òkèèrè, ohùn ló fi dì mí mú. Ó ní, "Ìyàwó, tìrẹ wà lẹ́yìn ilé." Mo lọ wò ó. Ẹ ti to àdògán fún mi níbẹ̀, ẹ tẹ́ ẹní tuntun, ẹ fi igbá kan sí i. Bàbá Jímọ̀ ń wolẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ fún òyìnbó." Mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo ti ṣàlàyé nínú ìwé yìí. Ẹ gbà pé ọmọ ti yá. Ẹ gbà pé dókítà mọṣẹ́. Tèmi nìkan ni ẹ kò gbà, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ló sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo padà sínú ilé, mo bu omi nínú àmù yẹn, mo mu ún níṣojú yín. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó bu níbẹ̀ mọ́. Ẹ ń gbé kèrègbè lọ sí ilé kejì lọ tọrọ omi. Èmi ni mo ń pọn ọ́n kún láràárọ̀, Jímọ̀ nìkan ló sì ń mu ún. Yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá, yóò gbé orí sẹ́yìn, yóò mu ún tán láìsinmi láàárín, ẹ kò ní gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹ wá wò ó. Kí ẹ mú igbá tiyín dání.